Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ “Àwá Dé”: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ọkàn Wa ní Newmarket

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà síbí, ẹ ò tíì fojú kan oorun. Mi ò ní pẹ́ púpọ̀.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń bá yín kún fọ́ọ̀mù owó orí lóṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo kọ́. Torí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọkàn àti ọpọlọ, mo ní kí wọ́n lọ pe dókítà. Wọ́n ní dókítà á wá lọ́jọ́ mìíràn, pé kí èmi wá sọ ohun tí ojú mi rí, àti àwọn ibi tí ènìyàn lè sá sí. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ìgbà òtútù kejì mi ní Kánádà ni. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ kò tíì rí ìwé gbà láti wá bá mi. Ìwé ẹ̀rí tí mo kó wá láti ilé kò tíì ríṣẹ́ fún mi, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Bí mo bá jí nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Bí mo bá délé láàárọ̀, mo tún ń fa kọ́tìnì. Nígbà tó yá, oorun ọ̀sán náà kò wá mọ́. Oúnjẹ kò wù mí. Bí fóònù bá dún láti ilé, àyà mi á já, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni. Màá máa wò ó títí á fi dákẹ́. Bí mo bá wá gbé e lọ́jọ́ kan, màá ní, “A dúpẹ́, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.”

Màmá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé tí mo wà ló kọ́kọ́ fura. Ó kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó gbé abọ́ ẹ̀wà dání. Kò bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, torí ó mọ̀ pé màá ní àlàáfíà ni. Ó ní, “Ìgbà wo lo sùn dáadáa gbẹ̀yìn?” Mi ò rí ìdáhùn kan sọ. Èmi ọkùnrin, bàbá ọlọ́mọ, mo bú sẹ́kún. Màmá ò sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ó jókòó tì mí títí mo fi sun ún tán, ó wá ní, “Lọ́la, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ rí dókítà.” Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló dá dé síbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: agbo ilé tó máa ń gbé wa ró nílé kò bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwa fúnra wa la máa kó òmíràn jọ níbí, ènìyàn kan lẹ́yìn èkejì, kí ọjọ́ tí a máa nílò rẹ̀ tó dé.

OHUN TÍ ÀRÓ KỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èmi. Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló ti fi hàn gbogbo ayé. Ọdún 1923 ni wọ́n bí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò yẹn, títì mọ́lé ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ti alárùn ọpọlọ. Ní 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní ilé ìwòsàn Àró. Ó ní kí ìbátan aláìsàn bá a wá, kó sì dúró tì í. Àwọn méjèèjì á máa gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan á máa se oúnjẹ, á máa fọ aṣọ, á sì máa tẹ̀ lé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá ti gba ìtọ́jú tán, ó tún padà sáàárín ènìyàn. Àwọn dókítà láti òkè òkun wá wò ó, wọ́n kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní 2004.

Ẹ kíyè sí i pé abúlé àti abẹ́rẹ́ ló jọ ṣiṣẹ́ ní Àró. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àdúrà nìkan tó, tàbí pé oògùn nìkan tó, ẹ sọ ti Àró fún un. Ẹ gbàdúrà, ẹ lo oògùn tí dókítà bá kọ, kí ẹ sì ní ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

BÍ A ṢE MÁA MỌ̀ PÉ Ó TI JU ÀÁRẸ̀ LÁSÁN LỌ

Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Àmọ́ bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ 2, tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ọjọ́ inú ẹni kò dùn, ohun téèyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, oorun kò wá tàbí ó pọ̀ jù, téèyàn ń jágbe mọ́ ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan, tàbí tó ń mutí kó tó lè sùn, ó ti tó lọ rí dókítà. Ìyá ìkókó tó ń sunkún láìdákẹ́, tí ọmọ rẹ̀ kò wù ú gbé, òun náà ní láti rí dókítà kíákíá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìyá burúkú.

Nǹkan mìíràn wà. Àwa kì í sábà sọ pé ọkàn wa ló ń ṣàìsàn. Ara la fi ń sọ ọ́: “Orí mi ń gbóná”, “Nǹkan ń rìn lórí mi”, “Àyà mi ń já.” Dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí irú nǹkan báyìí ń ṣe: orí ń gbóná, ìwé kò ṣeé kà mọ́, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Ìdààmú ọkàn ni ara wọn ń sọ.

Dókítà tí ẹ máa bá pàdé níbí lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní orí ń fọ́ yín, tí ẹ dákẹ́ síbẹ̀, oògùn orí fífọ́ ló máa fún yín. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí ara ń ṣe, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí tí ẹ ń sùn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé tàbí níbi iṣẹ́. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Bí èdè bá ṣòro, ẹ bèèrè ògbufọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù náà wúwo jù fún un.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÓJOOJÚMỌ́

1. Ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá ń parí lọ, ojúmọ́ ní Newmarket kì í pé wákàtí 9. Ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, ó lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀. Ara tí oòrùn ilé ti mọ́ lára á fura. Dókítà Norman Rosenthal, ọmọ South Africa tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé agbára òun máa ń dínkù nígbà òtútù, ó sì máa ń padà nígbà tí oòrùn bá dé. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àìsàn náà àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wò ó. Ẹ jáde lọ́sàn-án fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kódà bí ìkùukùu bá bo oòrùn. Ẹ wọ kóòtù, ẹ rìn yí Fairy Lake ká, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà Tom Taylor Trail. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀ jù, ẹ rìn nínú Upper Canada Mall kí ẹsẹ̀ lè ná. Ẹ lè fi owó sílé. Àtùpà kan tún wà tí wọ́n ń tà fún èyí, agbára rẹ̀ jẹ́ lux 10,000, wọ́n ń jókòó tì í láàárọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó rà á, pàápàá ẹni tó ní àìsàn ojú tàbí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní bipolar. Ẹ bi í nípa fítámì D pẹ̀lú.

2. Oorun. Ẹ̀yin oníṣẹ́ òru, ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé, ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí àkókò tí ẹ ń sùn jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́ bó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà pé wákàtí báyìí sí wákàtí báyìí, ẹ ń sùn. Wọn kò mọ̀ bí ẹ kò bá sọ. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun. Ó ń gbé ènìyàn sùn, ó sì ń jí i ní òru.

3. Ènìyàn. Ẹ mú ènìyàn 2 tó wà nítòsí, tí ẹ máa pè lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 10. Newmarket jìnnà sí àárín Toronto tó kìlómítà 50. Bí gbogbo ẹni tí a mọ̀ bá wà lọ́hùn-ún, ọjọ́ tí yìnyín bá dí ọ̀nà, ọwọ́ ṣófo. Àwọn ìyá àgbà tí a mú wá láti tọ́mọ ló ń rí èyí jù. Àwa á lọ síbi iṣẹ́, àwọn á wà nínú ilé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìkàwé ìlú tó wà ní Park Avenue. Ooru wà níbẹ̀, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé. Ìyá àgbà méjì tó bá pàdé níbẹ̀ ti di agbo ilé.

4. Ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kò pọ̀ rárá. Dókítà Dixon Chibanda pàdánù aláìsàn kan tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nítorí pé ìdílé rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí wọ́n fi máa gbé e wá. Láti 2006 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ènìyàn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ohun tó ń ṣe wọ́n ní kufungisisa. Àwa á ní àròjù. Ìyá àgbà á ní kí o ka gbogbo ìṣòro rẹ, kí o mú ẹyọ kan, kí ẹ jọ wá nǹkan kékeré kan tí o lè ṣe sí i kí ẹ tó tún ríra. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ ju ìtọ́jú tí wọ́n ń fún wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é nídìí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú bébà, bírò, àti ẹnìkan tó mọ bí a ṣe ń gbọ́rọ̀.

5. Owó. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo kọ owó tó ń wọlé fún mi àti èyí tó ń jáde. Mo ti ṣírò fún ilé iṣẹ́ ńlá ńlá, mi ò ṣírò temi rí. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣù jẹ́ ìlọ́po 3 owó oúnjẹ mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ iye tí apá mi ká, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Kí ló dé tí o ò sọ látọjọ́ yìí? A rò pé o ti rí já jẹ ni.” Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló máa dáhùn báyìí, àwọn kan á bínú. Síbẹ̀, iye kan tí ẹ lè san láìyẹ̀ lóṣooṣù sàn ju ìlérí tó ń lé yín lórí ibùsùn lọ.

Ẹ tún gba ohun tó jẹ́ tiyín. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù owó orí lọ́dọọdún, kódà bí owó tó wọlé bá kéré, torí rẹ̀ ni Canada Child Benefit àti Ontario Trillium Benefit fi ń wọlé. Ẹni tí àìsàn ọkàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, tí dókítà sì kọ̀wé fún, lè gba EI fún àìsàn, bó bá ti ṣe wákàtí 600 tí wọ́n yọ EI rẹ̀. Láti ìparí 2022, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 26. Ẹ wo ìwé ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín, ọ̀pọ̀ ló ní owó olùdámọ̀ràn nínú tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Bí ẹ bá sanwó fún psychotherapist fúnra yín, kò sí HST lórí rẹ̀ mọ́ láti oṣù Kẹfà 2024, ẹ sì lè fi rìsíìtì rẹ̀ sínú ìnáwó ìlera lórí fọ́ọ̀mù owó orí.

IBI TÍ A LÈ SÁ SÍ

Káàdì OHIP ń san owó dókítà ìdílé àti ti dókítà ọpọlọ tó bá darí yín sí. Ẹ bi dókítà nípa ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ontario Structured Psychotherapy. Àwọn tó ti pé ọdún 18, tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ń dà láàmú, ló wà fún, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn nọ́ńbà yìí náà, ọ̀fẹ́ ni:

911: bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu nísinsìnyí. Ilé ìwòsàn Southlake ní Davis Drive náà ń gba ẹni tó bá wà nínú pàjáwìrì tọ̀sán-tòru.

988: fún ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, tàbí ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí ẹlòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Kánádà ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2023. Ẹ lè pè é tàbí kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, tọ̀sán-tòru, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé.

1-855-310-2673: ìyẹn 310-COPE, fún àwa ará York Region nígbà tí nǹkan bá dojú rú.

211: bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa yà sí, fún oúnjẹ, ilé, olùdámọ̀ràn, ohunkóhun. Wọ́n ń lo ògbufọ̀.

811: nọ́ọ̀sì á bá yín sọ̀rọ̀, bí ẹ kò bá tíì ní dókítà ìdílé.

1-866-531-2600: ConnexOntario, fún ọ̀rọ̀ ọtí, oògùn olóró, tẹ́tẹ́ àti àìsàn ọkàn.

1-800-668-6868: Kids Help Phone, fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 686868. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà yìí, kí ẹ má sì bínú bí wọ́n bá pè é.

Àwọn òbí tí super visa mú wá kò ní OHIP, ṣùgbọ́n wọ́n lè pe 988 àti 211 bíi ti gbogbo wa. Ẹni tó bá pe 988 kò ní láti sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ máa ń bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ní Ontario, òfin kan wà láti 2004 tó de dókítà àti nọ́ọ̀sì láti pa àṣírí aláìsàn mọ́, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí bí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níbi. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kò lè pe dókítà kí wọ́n ka fáìlì yín sí i létí.

BÍ ẸLÒMÍRÀN LÓ Ń ṢE

Ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò ṣeé fi “a dúpẹ́” dáhùn: oorun ńkọ́, kí lo jẹ lónìí? Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Bí ẹ bá fura, ẹ bi í gbangba pé, “Ṣé o ti ń ronú àtipa ara rẹ?” Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà síni lọ́kàn; ìtura ló máa ń jẹ́ pé ẹnìkan bèèrè. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ jọ pe 988. Ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí ẹ sì tún padà lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ la ti máa ń jáwọ́.

Kí ẹ tó dìde lónìí, ẹ gba bébà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn 2 tí ẹ lè pè lóru, kí ẹ kọ 988 àti 310-COPE sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bí orúkọ kejì kò bá sí, ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ. Màmá tó gbé ẹ̀wà wá fún mi wà níjókòó níbí lónìí. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lókè lára fíríìjì tiwa.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ òkèèrè gbé wa mì, á sì dá oorun wa padà.